Bí Mo Ṣe Pe Ìpàdé Lé Ara Mi Lórí

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ojúlé wa, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ayálégbé nínú ilé alájà kan tí à ń gbé ní Ìbàdàn. Ìyàwó mi ti lọ sí Abẹ́òkúta lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ tuntun. Ó wá ku èmi, owó ìfẹ̀yìntì àti ilé ìdáná. Mo ní kí obìnrin náà tó dé, màá ti fi hàn án pé ìdajì owó ọbẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ mi ló yẹ kó máa gbà.

Mo dín ata kù. Mo dín epo kù. Mo yọ ẹran kúrò pátápátá. Gàrí ni mò ń mu lọ́sàn-án, ẹ̀wà ni mò ń jẹ lálẹ́. Irú nìkan ni n kò lè fọwọ́ kàn, nítorí ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran, tí kò tún nírú, omi gbígbóná ni. Ni mo bá gba ọjà Bódìjà lọ. Ìyá onírú bu irú wóró sínú náílọ́ọ̀nù, mo ní kó fi ènì sí i. Ó fi sí i. Mo ní ènì yẹn kò tó ènì. Ó tún fi díẹ̀ lé e. Mo wá ní kó gba ìdajì owó. Ó da irú rẹ̀ padà sínú igbá, ó wò mí láti fìlà dé bàtà, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ lọ sè é fúnra yín.”

Èmi tí mo fi sáyẹ́ǹsì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì! Mo lọ sí ìsọ̀ kejì, mo ra kóńgò èso irú tí wọn ò tíì sè, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé e gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń jowú ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú díẹ̀, torí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n báyìí, mo lè ṣe ìdánwò lórí ẹ̀. Igi rẹ̀ tóbi, inú ọ̀dàn ló ti ń dá hù, lápá Ọ̀yọ́ òkè lọ́hùn-ún, Ṣakí, Ìgbòho, títí wọ ilẹ̀ Bàrìbá. Ìyẹ̀fun yẹ́lò kan tó dùn ló máa ń wà nínú pódi rẹ̀, àwọn ọmọ oko a máa lá a. Wóró dúdú tó sá pamọ́ sínú ìyẹ̀fun yẹn ni à ń fi ṣe irú. Parkia ni àwọn Òyìnbó ń pe igi náà. Robert Brown ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1826, ó fi ń rántí Mungo Park, ará Scotland tó bá odò Ọya lọ ní Bùsà ní 1806. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ ni wọ́n fi igi sọrí. Àwọn ìyá tó ti ń se irú kó tó dé, tí wọ́n tún ń sè é lẹ́yìn tó lọ, kò sí ewé kan tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kí inú má baà bí mi.

Wóró náà le. Èèpo rẹ̀ ń dán, kì í sì í jẹ́ kí omi wọ inú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sè é tó wákàtí 12 kó tó gbọ́ràn, igi ni wọ́n sì fi ń dáná rẹ̀. Èmi gbé e ka orí gáàsì láàárọ̀ kùtù. Nígbà tó di ọ̀sán, mo fi ṣíbí rò ó, ó ṣì ń dún kọ́ọ́-kọ́ọ́ lára ìkòkò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, iná náà ṣẹ́ jú, ó rẹlẹ̀, ó kú. Sílíńdà kílò 3 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ kún ni o! Owó gáàsì yẹn nìkan, bí mo bá kó o fún ìyá onírú, ì bá bu irú fún mi títí náílọ́ọ̀nù á fi ya. Àwọn àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹni tó ń wá ìfà. N kò bá wọn jiyàn, mo lọ ra èédú.

Bíbó èèpo ló kàn. Àwọn kan máa ń rọra gún un nínú odó. Àwọn mìíràn á bu eérú tàbí iyanrìn sí i, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo yan ẹsẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú báfù nínú balùwẹ̀, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo di páìpù ògiri mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lu bàtá fún. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Mo ṣubú, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ara ìtàn yìí. Bí a bá bu omi sí i, èèpo á léfòó, wóró funfun á rì sísàlẹ̀, a ó wá da èèpo nù. Etídò ni àwọn ìyá ti ń ṣe èyí. Odò kì í dí. Èmi dà á sínú ihò balùwẹ̀, mo sì da omi tẹ̀lé e kó lè lọ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Wọ́n á tún un sè fún wákàtí kan sí méjì kó lè rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú igbá bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò ká a mọ́, ó di ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ibí yìí ni wóró ti ń di irú. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún, Bacillus subtilis lorúkọ rẹ̀, òun kan náà ni àwọn ará Japan ń lò láti sọ ẹ̀wà sóyà di nattō. Ògì a máa kan, gàrí a máa kan, irú kì í kan, òdì kejì ló ń gbà lọ. Kòkòrò náà á tú purotéènì inú wóró palẹ̀, adùn á yọ, wóró á máa fà yọ̀ọ̀, bó sì ti ń ṣiṣẹ́ lọ ló ń tú amóníà sílẹ̀. Amóníà ni ẹ máa ń gbóòórùn rẹ̀ nílé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Ṣùgbọ́n irú tí ó bá dára, òórùn rẹ̀ mọ̀wọ̀n ara ẹ̀. Kòkòrò yìí ń mí bí èmi àti ẹ̀yin. Ohun tí igbá àti ewé wà fún nìyẹn: ooru dúró sínú, atẹ́gùn ń yọ́ wọlé.

Gbogbo èyí, òní ni mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọbìnrin kan nínú fídíò orí fóònù ló ń tọ́ mi sọ́nà. Ó ní, “Ẹ kàn bò ó dáadáa, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ṣókùnkùn.” Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Iṣẹ́ tó ń gba ìdajì ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn! Ó gé gbogbo ìyà tó wà níbẹ̀ sọnù, ó fi orin dípò rẹ̀. Kò dárúkọ igbá. Kò dárúkọ ewé. Kò sọ pé ó ń mí. Inú ń bí mi sí ọmọ náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì tíì ṣetán láti forí jì í.

Mo gbé kúlà ńlá tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ sóde àríyá. Mo da irú gbígbóná sí i, mo fi omi rẹ̀ díẹ̀ sí i kó má baà gbẹ. Mo tẹ ìdérí mọ́ ọn títí ó fi dún pákẹ́. Mo wá ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ṣókùnkùn. Ní gbogbo fúláàtì mi, ibì kan ṣoṣo ló bá ọ̀rọ̀ náà mu. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé kúlà, mo gbé e sínú wọ́dúróòbù, lábẹ́ ibi tí mo gbé agbádá àti ṣòkòtò mi kọ́ sí.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń ṣí i wò. Mo ń fi imú sí i. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kò tíì gbà, mo tún dé e pa. Ẹ dákun, ẹ mọ bí imú ṣe ń ṣiṣẹ́: bí ènìyàn bá jókòó ti òórùn kan fún ìgbà díẹ̀, imú á sú, á ṣe bí ẹni pé kò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ṣe ń jẹun láìfapá jánú. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí nínú kíláàsì o! Mo ya imú sára bọ́ọ̀dù fún wọn.

Nígbà tó yá, mo lọ gba owó ìfẹ̀yìntì ní ìgboro. Bí mo ṣe dé, tí mo ń gòkè àtẹ̀gùn, òórùn kan gbá mi lójú. Mo dúró. Mo di ògiri mú. Ara ilé yìí ni ẹni tó ṣe irú èyí sí wa? Mo sáré wọ fúláàtì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo ń mí. Kò pẹ́ tí òórùn náà fi lọ. Mo wá ro ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kí ọ̀mọ̀wé rò ó: lórí àtẹ̀gùn, ó ń rùn, nínú ilé tèmi, kò rùn, nítorí náà, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Mo tún jáde lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo padà wọlé, èsì kan náà. Kò sí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò ní fún mi ní máàkì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ìbejì tó ń gbé nísàlẹ̀ figbe ta pé omi ń ru sókè láti inú ihò balùwẹ̀ òun, omi dúdú. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Sókàwé wa ti kún! Mo ní kí kálukú dá owó táńkà tó ń fa sókàwé. Èmi ni mo gba owó náà láti ojúlé dé ojúlé, èmi ni mo ń fi ọwọ́ dí imú lẹ́nu ọ̀nà oníkálukú, tí mò ń sọ pé, “Ẹ ò rí ìyà tó ń jẹ wá?” Táńkà dé. Àwọn ọmọ tó bá a wá ṣí ìdérí kọnkéré, wọ́n ki igi bọ̀ ọ́, wọ́n yọ ọ́. Ọ̀gá wọn ní, “Bàbá, ihò yín ò tíì kún dé ìdajì.” Mo ní kó tún un kì. Ó tún un kì. Mo ní bóyá igi rẹ̀ ni ò gùn tó. Ó wò mí bí ìyá onírú ṣe wò mí. Wọ́n ní owó ìpè kì í padà, wọ́n gbé táńkà wọn lọ.

Bí kò bá ṣe sókàwé, ta ni? Ojú gbogbo ènìyàn lọ sí ibì kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní fúláàtì ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ó ti jáde Yunifásítì, kò ríṣẹ́, ó wá ń sin ẹja àrọ̀ nínú táńkì róbà lẹ́yìn ilé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Mo kọ ìwé ìpè, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì: ÌPÀDÉ PÀJÁWÌRÌ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ ÌMỌ́TÓTÓ. ẸNI TÍ KÒ BÁ WÁ YÓÒ SAN OWÓ ÌTANRÀN. Mo fi tadáwà pupa fa ìlà sí ìdí rẹ̀.

Nítorí pé lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń bọ̀, mo wọ agbádá.

Abẹ́ igi máńgòrò ni a jókòó sí. Àlàájì tó ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tèmi ni alága. Ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti Ṣakí jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jẹ obì tirẹ̀, kò dá sí wa. Bí mo ṣe jókòó, Ìyá Ìbejì gbé àga rẹ̀ sún. Lánlọ́ọ̀dù tú ìborùn rẹ̀, ó fi dí imú. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ, àbí?” Gbogbo wọn ní àwọ́n ń gbọ́ ọ. Inú mi dùn. Akọ̀wé tí àwọn ènìyàn bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀.

Mo dìde, mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, kí a lọ fojú rí i, kí a fi imú jẹ́rìí. Mo kó wọn lọ sí ìdí táńkì ẹja. Mo nawọ́ sí omi rẹ̀, apá agbádá mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú wọn. Mo ní, “Ẹ fà á símú!” Wọ́n fà á símú. Lánlọ́ọ̀dù bì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, “Ha! Ọ̀rọ̀ ti tán!” Ọmọkùnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, àárọ̀ yìí ni mo pààrọ̀ omi wọn.” Mo ní kó dákẹ́, pé àgbà ń sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú, mo tún kó wọn lọ sí ibi sókàwé, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ó rùn níbẹ̀ náà. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀. Mo kó wọn lọ sábẹ́ fèrèsé Ìyá Ìbejì. Ó rùn. A dé ìdí géètì, ó rùn níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo wá ń ṣàlàyé fún wọn bí atẹ́gùn ṣe ń gbé òórùn ẹja yíká ilé, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀, agbádá ń fẹ́. Ni ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, tí kò tíì ju kíláàsì kejì lọ, bá sọ pé, “Màmá, ibi tí Bàbá Tíṣà bá dé ló ń rùn.”

Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀, pé ọmọdé kò mọ̀.

A padà sábẹ́ máńgòrò. Mo ka ìpinnu síta, mo sì ń kọ ọ́ bí mo ti ń kà á: pé kí ẹlẹ́ja kó táńkì rẹ̀ kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pé òun ni yóò san owó táńkà sókàwé tó lọ lásán, pé akọ̀wé gba oríyìn fún akitiyan rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ oríyìn náà. Ojú ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni a wà tí Ìyá Àlàájì fi tu obì ẹnu rẹ̀ dànù. Ó ní, “Ẹ dákun, ta ló ń ṣe irú nínú yín?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ló kọ́kọ́ tutù, kí ìtutù náà tó sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún. Mo ní, “Ìyá, òórùn ẹja là ń wí.” Ó ní, “Ẹja kọ́. Mo ti ń se irú látìgbà tí mo wà lọ́mọge. Irú ni. Irú tí wọ́n há mọ́ ibì kan tí kò rí afẹ́fẹ́, tó ti kú.” Ó dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ń bọ̀. Ó kọjá lára Ìyá Ìbejì. Ó kọjá lára lánlọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ sún sẹ́yìn, ìdí igi máńgòrò ni mo ti bá ara mi. Ìyá àgbà mú etí agbádá mi, ó gbé e sí imú, ó ní, “Tíṣà. Inú aṣọ lẹ bò ó sí?”

Bí ẹ bá ti rí àwọn tó ń sin ọlọ́jọ́ ìbí wọlé rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sìn mí gòkè lọ. Àwọn ọmọ ṣíwájú. N kò mọ ẹni tó ránṣẹ́ sí ojúlé kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa dé yàrá mi, mo rí àwọn ojú kan tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ ayálégbé rárá. Mo ṣí wọ́dúróòbù. Kúlà jókòó sínú búláńkẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ṣòkòtò mi rọ̀ sórí rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ìdérí. Lánlọ́ọ̀dù tọ́ka sí i, ó ní, “Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó...” kò lè sọ ọ́ tán, ẹ̀rín ti gbé e jókòó sórí ibùsùn mi.

Ìyá Àlàájì ní kí n ṣí i. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ jáde. Ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Ìdérí náà ti ń wú tẹ́lẹ̀, kò dúró dè mí, ó fò sókè. Gbogbo wọn ló sáré jáde, Àlàájì tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun láti ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Ó ku èmi àti ìyá àgbà. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo inú kúlà, ó fi ìka kan yà á wò. Wóró òkè ti fún, ó ní ohun funfun lára; ti ìsàlẹ̀ ti di omi eléérú. Ó ní, “Ẹ fi omi sí i?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. “Ẹ dé e pa?” Bẹ́ẹ̀ ni, mà. “Ẹ ò lo ewé?” Rárá, mà. Ó mi orí. Ó ní ìyàwó ọmọ òun tó wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́wàá rẹ̀ mọ èyí. Ó ní kí n lọ gbẹ́lẹ̀, kí n rì í, kí n má fi fún ajá.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìpàdé kò tíì tú. Lánlọ́ọ̀dù ní kí akọ̀wé kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú àkọsílẹ̀, torí òfin ẹgbẹ́ ni. Mo ní ṣé a ò lè sọ pé “a rí orísun òórùn náà”? Ó ní kí n kọ orúkọ. Mo kọ orúkọ mi. Ó ní kí n kọ wọ́dúróòbù. Mo kọ wọ́dúróòbù. Ìyá Ìbejì ní kí n má gbàgbé láti pa oríyìn rẹ́. Mo fi tadáwà pupa yẹn kan náà fà á.

Púlọ́ńbà tó wá lọ́jọ́ kejì ki wáyà bọ páìpù balùwẹ̀ Ìyá Ìbejì, ó fa nǹkan dúdú wálẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí, ṣé ewúrẹ́ ló wọ páìpù ni? Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Gbogbo wọn yíjú sí mi, èmi sì yíjú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo san owó rẹ̀. Èmi náà ni mò ń san owó táńkà padà fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ní ìparí oṣù, mo sì ń fún wọn ní rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ẹlẹ́ja ló dùn mí jù. Mo lọ bá a lẹ́yìn ilé. Ó ti fa omi ìdajì táńkì dànù, ó ti kó àwọn ẹja sínú korobá, ó ti ń múra àtikó kúrò nítorí ìpinnu tí mo kà síta. Mo ní kó má bínú, pé mo ṣì í. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kò sí wàhálà, sà.” Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Mo ra ẹja márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ná an. N kò béèrè ènì. Mo gbé ẹja dé òkè, mo rí i pé n kò ní gáàsì, èédú sì ti tán.

Ìyàwó mi ti gbọ́. N kò mọ ẹni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ó pè láti Abẹ́òkúta, ó rẹ́rìn-ín títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó tún fi owó sí i, ó tún pè, ó ní agbádá wo ni. Mo sọ fún un. Ẹ̀rín dá. Agbádá tí òun fi owó àjọ òun rà fún mi ni.

Mo ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo ti rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo ti sá a sóòrùn títí ó fi ń ya lójú. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ ní oríta. Ó tú u, ó tún un dì kíákíá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́ nílé ná, kí n tó gbé e wá fún òun láti fọ̀.